Ẹ̀yin ọlọ́kadà Ṣábẹ, ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọra kọjá lórí òkúta

Ta ni kò mọ àwọn òkè olókùúta tó yí Ṣábẹ ká? Àwa tí à ń fi ọ̀kadà kó iṣu àti kajú bọ̀ láti oko mọ̀ pé òkúta àti ẹrẹ̀ máa ń dá ni ṣubú, kódà béèyàn ò sáré.

Eré ìdárayá kan wà tí wọ́n ń pè ní trial. Láti ọdún 1909 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje rẹ̀ ní Scotland. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré sísá: ẹni tó gun àpáta kọjá láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀ ló ń borí. Toni Bou, ará Spéènì, gba ife àgbáyé rẹ̀ lọ́dọọdún láti 2007 títí di 2024.

Kí la lè rí kọ́ níbẹ̀? Tí ọ̀nà bá le, ẹ dìde dúró lórí ibi ìfẹsẹ̀lé, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí ọ̀kadà lè máa mì lábẹ́ yín láìgbé yín ṣubú. Ẹ lo jíà kìíní. Tí ọ̀kadà yín bá ní kílọ́ọ̀ṣì, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa tú u sílẹ̀, ẹ má fún un níná lójijì. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹ tẹ̀ síwájú. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn. Ibi tí ẹ fẹ́ gbà ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo òkúta tó ń bà yín lẹ́rù.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀kadà tí kò lẹ́rù dánra wò ní pápá, kí ẹ sì dé àṣíborí. Tí èrò bá wà lẹ́yìn yín, ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìyẹn sàn ju kí iṣu fọ́ káàkiri, kí ẹsẹ̀ sì kán.