Fóònù tọ́ọ́ṣì màmá àgbà ṣì níṣẹ́ ní Mínà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí màmá àgbà tàbí bàbá àgbà yín bá ń múra Hájì, ẹ má tíì ju fóònù tọ́ọ́ṣì wọn nù nítorí pé ẹ ti ra fóònù ìgbàlódé fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú méjèèjì dání. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Mínà ò jìnnà sí Mẹ́kà. Inú àgọ́ funfun ni àwọn tó lọ Hájì ń sùn níbẹ̀, àwọn àgọ́ náà sì jọra bí ìbejì. Ní 2024, àwọn tó ṣe Hájì lé ní mílíọ̀nù 1.8. Àgbàlagbà tó lọ sọ òkò ní Jamarat lè wá àgọ́ rẹ̀ tì nígbà tó bá ń bọ̀.

Fóònù ìgbàlódé wúlò gan-an níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni áàpù Nusuk ti ìjọba Saudi Arabia wà, òun náà ló ní máàpù àti WhatsApp. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí ń jẹ bátìrì, bí oòrùn bá sì mú un jù, fóònù náà lè pa ara rẹ̀. Fóònù tọ́ọ́ṣì lè lo ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó bá gba iná lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní rédíò FM tí kò nílò dátà. Okùn yíápíìsì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń fa ìgbì rédíò. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ò ní irú rẹ̀ mọ́.

Kí ẹ tó dì í sẹ́rù, ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò.

Àkọ́kọ́, nẹ́tíwọ̀kì. Ní Amẹ́ríkà, AT&T ti pa 3G rẹ̀ ní 2022. Ní Britain, àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti gbà láti pa 2G àti 3G kó tó kọjá 2033. Bí ti màmá bá ti pẹ́ jù, fóònù oníbọ́tìnnì tó ń lo 4G wà lọ́jà.

Èkejì, iná. Iná 230 volt ni wọ́n ń lò ní Saudi, ihò iná wọn sì bá ti Nàìjíríà àti Britain mu. Bí ẹ bá rí 100-240V lára ṣájà, kò séwu. Rédíò àtijọ́ láti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 120V nìkan sí lára máa jóná.

Ẹ̀kẹta, bátìrì. Èyí tó bá ti wú, ẹ má lò ó mọ́. Páwà báńkì gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, kì í wọ inú ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú.

A ò sọ pé kí a tọ́jú gbogbo ohun àtijọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1997, iná jó àgọ́ ní Mínà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 340. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa àgọ́ náà dà sí èyí tí iná kì í tètè ràn. Ohun tó bá léwu, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ tẹ nọ́ńbà mẹ́ta péré sínú fóònù tọ́ọ́ṣì náà: tiyín, ti aṣíwájú ikọ̀ wọn, àti ti ẹni tí wọ́n jọ ń lọ. Ẹ wá bọ́ sí yàrá kejì, kí ẹ ní kí màmá pè yín. Bí wọn ò bá rí i pè, ẹ tún kọ́ wọn.