Àbùùbùtán, Abiyamọ Tí Ń Gbààwẹ̀ Nínú Òkun Wa

Ìmẹ̀sí-Ilé jìnnà sí òkun. Òkè àti àpáta ni a fi mọ ìlú náà, àti àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1886. Ọmọ lè dàgbà di géńdé níbẹ̀ kí ó má tíì fojú kan ìgbì òkun rí. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi í léèrè ẹja tí ó tóbi jù láyé, kò ní ronú lọ títí kí ó tó dáhùn pé àbùùbùtán ni.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ tó yẹ̀ wò: ohun tí a bù, bù, bù, tí a kò lè bù tán. Orúkọ ẹran ni. Lójú tèmi, ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ bá òkú rẹ̀ pàdé létí òkun ni, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ̀dá yìí ń bá wá sọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún nígbà tí ó wà láàyè kò hàn nínú orúkọ yẹn rárá.

Kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹja kúrò nílẹ̀. Àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, ẹ̀dọ̀fóró ni ó fi ń mí, ó sì gbọ́dọ̀ yọ sójú omi kí ihò imú rẹ̀ tí ó wà ní àtàrí lè gba afẹ́fẹ́. Ìrù ẹja dúró lóòró, ọ̀tún àti òsì ni ó ń jù ú sí. Ti àbùùbùtán tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ń jù ú sí. Ó ń lóyún, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Nínú àwọn ẹranko tí ń rìn lórí ilẹ̀ lónìí, erinmi ni ìbátan tí ó sún mọ́ ọn jù, àwọn baba ńlá rẹ̀ sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n rí egungun ọ̀kan nínú irú àwọn baba ńlá bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ameki ní ilẹ̀ Ìgbò, nínú ilẹ̀ tí òkun bò mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Ní ọdún 1920, wọ́n fi orúkọ Lugard sọ ọ́ ní Pappocetus lugardi. Ẹ̀dá tí ó ti kú ní bí ogójì mílíọ̀nù ọdún kí wọ́n tó bí gómìnà náà, òun ni wọ́n wá sọ lórúkọ rẹ̀!

Oríṣi méjì ni àbùùbùtán pín sí. Àwọn eléyín ń lé ohun tí wọ́n ń jẹ mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn lè wọ ibú tí ó jìn ju 1,000 mítà lọ láti ṣọdẹ nínú òkùnkùn. Àwọn aláìléyín ni ọ̀rọ̀ wọn yani lẹ́nu jù. Dípò eyín, abala pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni ó so rọ̀ láti èrìgì òkè wọn, irú ohun tí a fi dá èékánná wa ni, etí rẹ̀ sì rí bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Àbùùbùtán yóò la ẹnu gbàgà, yóò gba omi sẹ́nu pẹ̀lú ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀, yóò pa ẹnu dé, yóò sì fi ahọ́n ti omi náà jáde. Bí ẹni ń sẹ́ ògì ni, àfi pé ohun tí ó kù sínú asẹ́ ni tirẹ̀. Àbùùbùtán aláwọ̀ búlúù, tí ó lè gùn tó 30 mítà, ni ó wúwo jù nínú gbogbo ẹranko tí a mọ̀, síbẹ̀ ẹ̀dá kékeré tí ó jọ edé, tí wọ́n ń pè ní krill, ni ó fi ń yó.

Èyí tí ó ń wá sí òkun wa jù ni a lè pè ní àbùùbùtán abuké, nítorí bí ó ṣe ń ká ẹ̀yìn nígbà tí ó bá fẹ́ rì sísàlẹ̀. Ó gùn tó ọkọ̀ tírélà kan, ó sì lè wọn 30 tọ́ọ̀nù. Láti nǹkan bí oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń wà ní omi Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2001, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, fi hàn pé ibí ni wọ́n ti ń bímọ, àti pé ìhà gúúsù ayé ni wọ́n ti ń bọ̀. Ilé oúnjẹ wọn wà lẹ́bàá Antarctica, ilẹ̀ yìnyín, ìrìn tí ó lé ní 6,000 kìlómítà. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé dé Èkó kò tó 300, a sì ń ráhùn ọ̀nà.

Kí ni wọ́n ń wá jẹ? Kò sí. Krill tí wọ́n mọ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Antarctica ni wọ́n ti jẹun, ó lè ju tọ́ọ̀nù kan lọ lóòjọ́, tí wọ́n sì fi ọ̀rá pamọ́ sábẹ́ awọ. Nítorí ọmọ ni wọ́n ṣe ń wá. Ọmọ tuntun kò ní ọ̀rá tí yóò fi kojú òtútù, omi wa sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn oyún oṣù mọ́kànlá sí méjìlá, ìyá a bí ọmọ kan ṣoṣo tí ó gùn ju mítà mẹ́rin lọ.

Ẹ̀yin ìyá ìkókó tí ẹ ń ka èyí mọ bí ebi ṣe ń pa ẹni tí ń fọ́mọ lọ́mú. Wàrà tiyín ní ọ̀rá bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún; ti abiyamọ inú òkun yìí lè tó ogójì. Láti ara rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, kò sì fẹnu kan oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọmọ ń sanra, ìyá ń rù. Bàbá ńkọ́? Orin ni ó ń kọ kiri ní tirẹ̀. Kò dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí ní etíkun Ọsirélíà sọ pé ohùn jẹ́jẹ́ ni ìyá àti ọmọ fi ń pe ara wọn, bóyá kí apẹran má baà gbọ́.

Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn ọlọ́kọ̀ láti Norway wá ń pa wọ́n ní etíkun Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn ìyá ti ń kóra jọ gan-an. Ní ọdún 1963 ni wọ́n fòfin de pípa abuké ní ìhà gúúsù ayé, iye wọn sì ti ń gbèrú. Àwọ̀n, ọkọ̀ ojú omi ńlá àti ariwo àwọn tí ń wa epo ni ewu òde òní. Ti àwa tí a wà lókè náà wà níbẹ̀: Odò Ọ̀ṣun tí ó gba Òṣogbo kọjá ń já sí ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà ń já sí òkun, ọ̀rá omi mímu tí a jù sódò kì í sì í jẹrà lọ́nà.

Bí ìgbì bá gbé òkú àbùùbùtán wá sí iyanrìn, àdá àti báàfù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé lọ pàdé rẹ̀. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta ẹran lọ́jà, n kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹran tí a kò mọ ohun tí ó pa á, tí oòrùn sì ti ń sè láti ìjẹta, májèlé ni fún ọmọ wa. Gáàsì a máa kún inú òkú náà, ó sì lè bẹ́ lójijì mọ́ ẹni tí ó fi ọ̀bẹ kàn án. Bí ó bá ṣì ń mí, ẹ má ṣe fà á nírù. Ẹ da omi sí i lára, ẹ má jẹ́ kí omi tàbí iyanrìn dí ihò imú rẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja.

Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, ìyá yóò kọjú sí gúúsù. Ebi ti ń pa á. Ọmọ yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò máa mu ọmú lọ́nà, títí wọn yóò fi dé ibi tí yìnyín wà, níbi tí ìyá yóò ti la ẹnu gba oúnjẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ó ti bí i.