Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tí Ẹ Ó So Mọ́ Ẹranko Nínú Yàrá Ìwádìí

Àwọn tó ń ra ẹ̀rọ fún ilé ẹranko ìwádìí máa ń bi wá léèrè pé: ìlànà ààbò wo ni ká béèrè fún, ti ilé ìwòsàn ni àbí ti yàrá ìwádìí? Àjọ IEC, tó ń ṣe ìlànà ohun èlò iná fún gbogbo àgbáyé, ló gbé méjèèjì jáde. IEC 61010-1 wà fún ẹ̀rọ ìwọn nǹkan àti ẹ̀rọ yàrá ìwádìí. IEC 60601-1 wà fún ẹ̀rọ ìṣègùn, àti ènìyàn àti ẹranko ló sì kà sí aláìsàn.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ náà ti kan ẹranko. Kámẹ́rà tó ń ṣọ́ àgò eku kò kan ara ohunkóhun, 61010-1 tó o. Ṣùgbọ́n tí wáyà bá ti wọ ara ẹranko láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Awọ ló ń dá iná dúró; ibi tí a bá ti gé e, tí omi iyọ̀ sì ti rin ín, kò sí ìdènà mọ́. Ọwọ́ olùtọ́jú sì wà lára ẹranko ọ̀hún. Lábẹ́ 61010-1, iná tó ń jò sára ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí kò ní àléébù lè tó 500 microampere. Lábẹ́ 60601-1, bí ẹ̀rọ kò bá ní àléébù, èyí tó ń gba ara aláìsàn kò gbọdọ̀ ju 100 lọ, bó bá sì jẹ́ wáyà tó lè dé ọkàn, 10 péré ni. Àwòrán ọkàn nínú igun mẹ́rin ni àmì irú ẹ̀rọ tó ń pa òfin 10 yìí mọ́. Òun ni kí ẹ mú bí wáyà yóò bá wọ àyà ẹranko.

Àmì CE ti ilẹ̀ Yúróòpù nìkan kò tó: olùṣe fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò tó dárúkọ ìlànà náà.

Ẹ̀rọ amóoru ńkọ́? Eku tí a fún ní oògùn oorun máa ń tutù kíákíá, kò sì lè sá kúrò lórí ohun tó ń jó o. Ẹ̀rọ tí kò lè pa ara rẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, ẹ má rà á.

Ohun tó ń dùn wá jù ni púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gé ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kó lè wọ sókẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ yẹn ni ẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí iná tó ṣìnà ń gbà wọlẹ̀. Bí kò bá sí i, ara ẹranko tàbí ara yín ni yóò gbà. Ẹ ní kí oníná yẹ ẹ́ẹ̀tì ilé yín wò, pẹ̀lú ti jẹnẹrétọ̀. Kí ẹnjiníà wọn iná tó ń jò kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹranko àkọ́kọ́, lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, àti lọ́dọọdún, kó sì kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ sára ẹ̀rọ náà.