Iye Òkú àti Ìwọ̀n Ikú: Àlàyé lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí Méjì

'Iye òkú' ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń lò fún ohun méjì tí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ènìyàn 4 bá kú lọ́dún ní abúlé ẹlẹ́ni 200 nítòsí Ayétòrò, tí 40 sì kú ní àdúgbò ẹlẹ́ni 4,000 ní Ìlaròó, iye òkú ti Ìlaròó ni ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ikú ti abúlé ni ó ga jù, nítorí 20 nínú 1,000 ju 10 nínú 1,000 lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ológun. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọmọ-ogun orí ilẹ̀ Nàìjíríà tó bí 10,000. Nígbà tí ogun parí ní 1970, wọ́n ti tó bí 250,000. Ká ní 50 kú lọ́dún nígbà méjèèjì, iye òkú dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ikú jẹ́ 5 nínú 1,000 nígbà àkọ́kọ́, 0.2 péré nígbà kejì.

Ohun tí ó fa ikú náà tún ṣe kókó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1992, lásìkò àlàáfíà, ọkọ̀ òfurufú ológun já ní Èjìgbò ní Èkó. Ènìyàn tí ó lé ní 150 ni ó kú, ọ̀gá ọmọ-ogun sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí a ya 'ikú ojú ogun', 'ikú ìjàǹbá' àti 'ikú àìsàn' sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí olùkọ́ tó fi ogun wé àlàáfíà, kí ó kọ́kọ́ béèrè pé: nínú ènìyàn mélòó? Láàárín ìgbà wo? Kí ni ó pa wọ́n?