Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn rọ gáàsì sí fíríìjì yín lásán

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà, ó dájú pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú yín rí, yálà Ìkàrẹ́ lẹ ń gbé ni o, tàbí lórí òkè l'Ọ́kà Àkókó. Fíríìjì dédé kọ̀, kò mú nǹkan tutù mọ́. Ẹ pe ẹni tó ń tún un ṣe, ó ní gáàsì ló tán. Ó rọ gáàsì sí i, ẹ sanwó, fíríìjì tutù. Kò tó oṣù méjì, ó tún di kọ́bọ́ọ̀dù lásán. Ẹ tún pè é, ó tún ní gáàsì ló tán.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé gáàsì fíríìjì ò dà bí epo mọ́tò, kì í jó tán. Èyí tó wà nínú rẹ̀ náà ló ń yí po nínú páìpù tí wọ́n dí pa. Tó bá ti dín, ibì kan ló ń jò. Nígbà tí wọ́n bá sì gé páìpù láti tún un ṣe, afẹ́fẹ́ á wọlé, afẹ́fẹ́ náà á sì gbé omi dání, pàápàá lásìkò òjò tí kùrukùru máa ń bo òkè Ọ̀kà.

Omi yẹn, bó ti wù kó kéré tó, wàhálà ni. Páìpù kan wà nínú fíríìjì tó tín-ín-rín bí ihò abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ lomi ti máa ń di yìnyín, tí á dí gáàsì lọ́nà. Fíríìjì á tutù díẹ̀, á ṣíwọ́. Tẹ́ ẹ bá pa á fún ìgbà díẹ̀, yìnyín á yọ́, á tún tutù. Tó bá pẹ́, omi yẹn á di ásíìdì, á jẹ wáyà inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ títí tí á fi jó. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ á mú kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ gbóná, kó sì máa jẹ iná.

Ọ̀rọ̀ ìlera sì ni. Àwọn àgbà tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí wọ́n tọ́jú èyí tí wọn ò tíì ṣí sí. Kò gbọdọ̀ dì, kò gbọdọ̀ gbóná. Fíríìjì tó ń tutù lónìí, tó ń gbóná lọ́la, lè ba oògùn náà jẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ṣúgà á wá ga lára màmá, ẹ ẹ́ rò pé oúnjẹ ló fà á. Omi ọyàn tí ìyá fún sílẹ̀ fún ọmọ náà, tó lè lo ọjọ́ mẹ́rin nínú fíríìjì tó tutù dé 4, ò ní í lò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí fíríìjì bá ti gbóná.

Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ àti omi yìí jáde ni wọ́n ń pè ní fákúùmù pọ́ǹpù. Báwo ló ṣe ń fa omi tó ti lẹ̀ mọ́ inú páìpù? Ẹ mọ̀ pé omi orí iná gbọ́dọ̀ gbóná dé 100 kó tó hó. Ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ bá dínkù, kò nílò ooru púpọ̀ mọ́. Tí pọ́ǹpù bá fa afẹ́fẹ́ inú páìpù títí tó fi ku ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ooru inú ilé lásán ti tó láti mú omi hó, á di oru, pọ́ǹpù á sì fà á síta. Àwọn kan máa ń lo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àlòkù dípò pọ́ǹpù, àwọn mìíràn á kàn fi gáàsì díẹ̀ ti afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ lè jáde o, ṣùgbọ́n omi á ṣẹ́ kù.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣọ́ rèé. Èkínní, kó wá ibi tó ń jò, kó dí i. Náítírójìn ni kó fi dán an wò, kò gbọdọ̀ lo ọ́síjìn àwọn wẹ́dà láé, nítorí ọ́síjìn àti ọ́ìlì lè bú gbàmù. Èkejì, kó pààrọ̀ fítà. Ẹ̀kẹta, kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó ti ẹnu géèjì kó tó pa á, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí ọwọ́ géèjì bá ń padà sókè láìdúró, ó ṣì ń jò. Tó bá gòkè díẹ̀ tó dúró, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kó wọn gáàsì lórí òṣùwọ̀n bó ṣe wà lára àkọlé ẹ̀yìn fíríìjì. Tí R600a bá wà níbẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni: ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kí ọmọdé àti iná jìnnà síbẹ̀.

Tí iná NẸ́PÀ bá lọ lójijì láàárín iṣẹ́, kó yára ti ẹnu géèjì, kó sì ka ìṣẹ́jú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá dé.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ sọ fún un pé ọ́ìlì ni ẹ̀mí pọ́ǹpù. Omi tó ń fà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Tó bá ti funfun bí omi ògì, kó dà á nù nígbà tí pọ́ǹpù ṣì gbóná, kó rọ tuntun sí i dé àárín ìlà méjì tó wà lójú gíláàsì. Ọ́ìlì fákúùmù pọ́ǹpù ni o, kì í ṣe ti mọ́tò. Kó máa dé ẹnu rẹ̀, kó má dá a dùbúlẹ̀ lórí ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Tí iná ò bá gbé e dáadáa, kó má tàn án, mọ́tò rẹ̀ lè jó.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe báyìí lè gbà ju wákàtí kan lọ, owó rẹ̀ sì lè pọ̀ díẹ̀. Ẹ fún un láyè. Ṣùgbọ́n kó tó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: “Ọ̀gá, ẹ dákun, ṣé ẹ gbé fákúùmù pọ́ǹpù yín dání? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ gbẹ̀yìn?” Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní í bínú. Ẹni tó bá bínú, ẹ wá ẹlòmíràn.