Wọ́n ní ìwé Tutùọlá ń dójú ti Yorùbá, síbẹ̀ wọn ò lè gbé e sílẹ̀!

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola kọ, nǹkan méjì ló máa ń bá a jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín á pa á, ojú á sì tún tì í. Á ka ojú ewé kan, á ní irú àlọ́ wo ló dùn tó báyìí. Kó tó ṣí ojú ewé kejì, á ti máa wo ọ̀tún wo òsì, kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé irú Gẹ̀ẹ́sì tóun náà ń sọ nìyẹn. Láti ọdún 1952 tí ìwé náà ti jáde ni ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì parí.

Ọkùnrin kan ló wà nínú ìwé ọ̀hún tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa mu ẹmu lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ẹ̀ lówó, ó sì fún un lóko ọ̀pẹ tí igi inú ẹ̀ jẹ́ 560,000, ó tún wá adẹ́mu kan tì í. Agbè ẹmu 150 ni adẹ́mu ń gbé wá láàárọ̀, yóò tún gbé 75 wá nírọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ń wọ́ tìì wá sílé ọ̀mùtí. Lọ́jọ́ kan ni adẹ́mu já bọ́ látorí ọ̀pẹ, ó sì kú. Ẹmu tán, ọ̀rẹ́ náà tán. Ni ọ̀mùtí bá kó oògùn tiẹ̀, ó kó ti bàbá ẹ̀ tó ti dolóògbé mọ́ ọn, ó ní òun ń lọ sí Ìlú Àwọn Òkú lọ mú adẹ́mu òun bọ̀.

Ẹ wo ti ọmọbìnrin kan tó rí ọkùnrin arẹwà lọ́jà. Wọ́n ní kó má tẹ̀ lé e, kò gbọ́. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin náà ti ń dá ẹsẹ̀ padà fẹ́ni tó yá a lẹ́sẹ̀, ó dá apá padà, ó ń san owó ìyálò bó ṣe ń lọ, títí tó fi ku agbárí nìkan tó ń fò kiri nínú igbó. Àwọn ọmọge Èkó tí wọ́n ti tẹ̀ lé ẹni tó yá mọ́tò tó tún yá aṣọ, ṣé wọ́n ṣì ń béèrè ohun tí bàbá náà ń sọ?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn gan-an ló máa ń kan òǹkàwé lára. Tí nǹkan bá ti le, ọ̀mùtí á fa oògùn yọ. Ó di aláǹgbá, ó di afẹ́fẹ́, ó di ẹyẹ. Nígbà tówó tán lọ́wọ́ wọn, ó di ọkọ̀ ojú omi, ìyàwó ẹ̀ ń fi í gbé èrò kọjá odò, wọ́n ń gbowó. Ẹlòmíì á ní tó bá jẹ́ pé oògùn wà fún gbogbo ẹ̀, kí ló wá kù téèyàn máa bẹ̀rù? Àròyé yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ibì kan wà tí ewu kan á lọ, òmíì á dé, tí òǹkàwé á bẹ̀rẹ̀ sí í yán.

Àmọ́ ẹni tó bá ka ìwé náà dé ìdí igi funfun, ẹnu ẹ̀ á wọhò. Kí tọkọtaya náà tó wọnú igi yẹn, wọ́n ta ikú wọn ní £70, ṣílè 18 àti sísì. Wọ́n tún fi ẹ̀rù wọn yáni ní £3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú ní ọjà téèyàn bá ti tà, ó ti tà á nìyẹn. Bí wọ́n ṣe di ẹni tí kò lè kú mọ́ nìyẹn o, síbẹ̀ tí àyà wọn ṣì ń já. Oògùn ò rí ti ìyẹn ṣe. Àwọn tó ń jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, tí wọ́n ti gbàdúrà, tí wọ́n ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, tí àyà sì ń já wọn títí wọ́n á fi padà wọlé, wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́ lásán ni.

Ta wá lẹni tó kọ ọ́? Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Tutuola sí lọ́dún 1920. Bàbá ẹ̀ kú lọ́dún 1939, ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti dúró. Ó ṣe alágbẹ̀dẹ bàbà fún àwọn ọmọ ogun òfurufú òyìnbó nígbà ogun Hitler, lẹ́yìn náà ló di mẹ́sẹ́ńjà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ, àwọn atẹ̀wé kan tí wọ́n ń ta ìwé nípa fọ́tò ló fi ránṣẹ́ sí ní London, ó ní òun á fi fọ́tò iwin tì í. Nígbà tí fọ́tò dé, àwòrán iwin tí wọ́n fọwọ́ yà ló yà ní fọ́tò! Ìwé ọ̀mùtí ló wá bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Faber, ni wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Dylan Thomas, akéwì òyìnbó tó lórúkọ nígbà náà, yìn ín gan-an nínú ìwé ìròyìn The Observer. Lọ́dún 1953, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní New York, wọ́n sì ti túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Faransé. Nílé ńkọ́? Inú àwọn ọ̀mọ̀wé ò dùn rárá. Lọ́dún 1954, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa. Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò dáa, àwọn kan ní ara Fágúnwà ló ti ṣà á, àwọn kan ní ńṣe ló máa jẹ́ kí òyìnbó rò pé iwin àti oògùn nìkan la mọ̀.

Ẹni tó bá ní ìlara lásán ni, kò ṣe ìdájọ́ tó tọ́. Òmìnira ṣì ku ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, òyìnbó sì ń wádìí bóyá ọmọ dúdú lè ṣèjọba. Faber fúnra wọn tún tẹ ojú ewé kan tí Tutuola fọwọ́ kọ sínú ìwé náà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti tún un ṣe, kí gbogbo ayé lè rí i. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àbúrò ẹni, ṣé inú èèyàn á dùn?

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà jáde. Iwin kún inú ẹ̀, oògùn kún inú ẹ̀, ọmọ iléèwé sì ń kà á láìsí ẹni tójú ń tì. Lọ́dún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé Tutuola di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe Láńkẹ́ Ọ̀mùtí. Èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Iwin kan náà ni, agbárí kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yọ kúrò, ìtìjú sì bá a lọ.

Nígbà tó di ọdún 1977, Chinua Achebe sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà ní Ìbàdàn yìí kan náà, ó ní ọ̀rọ̀ ẹni tó fi eré ṣe iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àti ohun tó fojú rí nítorí ẹ̀. Ó ṣáà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀mùtí rí adẹ́mu ẹ̀, kò sì lè mú un bọ̀, torí òkú ò lè bá alààyè gbé. Ẹyin kan ni adẹ́mu fún un. Ìyàn mú nílé, ẹyin ń bọ́ gbogbo ìlú, àfìgbà tí èrò pọ̀ jù tí wọ́n fọ́ ọ. Ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, pàṣán ló ń tú jáde.

Ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1997 ni Tutuola kú n'Íbàdàn. Ẹni tí ìwé ẹ̀ bá ṣì ń dójú tì, kó ka ìtàn ọkùnrin arẹwà yẹn, kó pa ìwé dé, kó sọ ọ́ lédè Yorùbá fọ́mọ ẹ̀ lálẹ́. Tọ́mọ bá ní òun ò lè sùn mọ́, tó tún ní kó máa bá a lọ, òun náà á mọ èwo nínú ọkàn ẹ̀ méjèèjì ló yẹ kó gbọ́.