Awò Ojú Tí Kò Bá Ojú Mu

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Ọ̀rọ̀ ojú ni. Àwọn àgbà ní ojú lọba ara.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ gbé ìwé ìṣirò owó kalẹ̀ pé kí àwọn àgbà yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa fa awò ojú rẹ̀ yọ nínú àpò agbádá. Òwú dúdú ni bàbá fi so apá rẹ̀ kan. Bí ó ti gbé e lé imú ni ó ń yọ̀ bọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Bàbá gbé orí sókè, ó tún tẹ orí ba, ó sún ìwé sẹ́yìn, ó tún fà á mọ́ra. Nígbà tí ó sú u, ó ní, “Ohun tí ẹ bá ti kọ náà ti dára,” ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará wa: owó gbogbo wa ni bàbá fọwọ́ sí láìrí i. Àwa kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tí ó ṣe bàbá yìí ti ṣe àwa náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì tíì pé ẹni 40 ọdún.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni a ń ṣe ní rélùwéè. Ìwé mẹ́fà péré ni a kà. Kí àkùkọ tó kọ ni a ti ń kúrò ní Orozo, a ó gba Kurudu àti Jikwoyi kọjá dé Nyanya, kí a tó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ibi iṣẹ́. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà ni a ń kọ: nọ́ńbà ẹrù, nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, iye owó. Ní ọdún tí ó kọjá ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí 3 bí ẹni pé 8 ni. A kọ́kọ́ rò pé iná ọ́fíìsì ni kò mọ́lẹ̀ tó. Nígbà tí ó pẹ́, a lọ rí dókítà ojú.

Dókítà yẹ̀ wá wò dáadáa. Ó ní iwájú ẹyinjú wa kò yí rébété bí ọsàn, pé ó gùn sí ọ̀nà kan bí ẹyin adìẹ, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ kì í pàdé sí ojú kan. Astigmatism ni wọ́n ń pè é. Ó ní kì í ṣe ohun ẹ̀rù, pé awò ojú ni yóò tún un ṣe, ó sì kọ ìwé fún wa.

A mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí a kò ní dárúkọ. Férémù tí ó ń dán jù lọ ni a mú. A wo ara wa nínú dígí, a rò pé a ti di ọ̀gá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a padà lọ gbà á. Ọmọ tí ó wà nídìí káńtà kó o sínú páálí, ó gba owó tí ó kù, ó ní ó dàbọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbé e wọ̀ wá lójú kí ó wò ó bóyá ó jókòó.

Ọ̀nà ilé ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ń dà bí ẹni pé ó dagun. Nígbà tí a dé ẹ̀bá gọ́tà, a gbé ẹsẹ̀ sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Nínú ọkọ̀, bí òógùn ti mú wa lójú ni awò ojú ń yọ̀ sílẹ̀, tí a ń fi ìka tì í padà. Apá rẹ̀ dá egbò sí wa lẹ́yìn etí òsì. Bí ó bá fi máa di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí yóò ti máa fọ́ wa. A pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kí a ṣe sùúrù, pé yóò mọ́ wa lára.

A ṣe sùúrù fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ni ó fà á tí a kò fi padà lọ? Ojú ń tì wá ni. A ní àwa tí a ka ìwé mẹ́fà, kí ni a fẹ́ sọ fún ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ojú? Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ ni ó ní ìwà yìí. A kì í fẹ́ kí a pè wá ní oníwàhálà ní ìlú onílùú, nítorí náà a ó san owó, a ó sì máa fara da ìyà lórí ohun tí a san owó lé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, a ju awò ojú náà sínú dúrọ́ọ̀. Ní ọjọ́ náà gan-an ni a kọ ₦38,500 sí ibi tí ó yẹ kí a kọ ₦33,500. Ẹni tí ó jókòó tì wá ni ó rí i kí ìwé tó kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ owó mọ ohun tí à ń wí. Bí ìwé bá lé ní ₦5,000 ju owó tí ó wà nílẹ̀ lọ, a kì í béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé bóyá ojú ń dùn ún. Olè ni a ń pè é.

Nígbà tí a délé tí a ròyìn, ìyàwó wa ní, “Baálé mi, bùbá tí télọ̀ rán fún yín tí ó fún yín lọ́rùn, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ dá a padà. Awò ojú yìí wọ́n ju bùbá lọ, ojú sì ju ọrùn lọ. Kí ló ń dá yín dúró?” A kò rí èsì fọ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ní Sátidé a padà lọ. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni a bá. Ó ní kí a jókòó, kí a wo iwájú gan-an, ó sì fi rúlà kékeré wọn ojú wa. Kò bá wa jà, kò sì pè wá ní oníwàhálà. Àṣìṣe mẹ́ta ni ó rí.

Èkíní wà níbi imú. Ẹ wo inú apá awò ojú yín, ẹ ó rí nọ́ńbà kéékèèké bíi 52, 18 àti 140. Mìlímítà ni. Ti àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ dígí kan, ti èkejì ni àlàfo láàrin dígí méjèèjì níbi tí imú ń gbà, ti ẹ̀kẹta ni gígùn apá. Baba náà ní ọ̀pọ̀ férémù tí ó ń wọ ọjà ni a ṣe fún imú tóóró tí egungun rẹ̀ ga. Bí imú wa bá fẹ̀ tí kò sì ga, irú férémù bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí yóò dì mú. Ẹwà ni àwa wò nígbà tí a mú un, a kò wo imú wa.

Èkejì wà nínú dígí. Dígí awò ojú ní àárín, àárín náà sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ọmọlójú. Láti ọmọlójú kan dé èkejì, ó sábà máa ń wà láàrin mìlímítà 54 sí 74 lójú àgbàlagbà. Tiwa jẹ́ 66, ṣùgbọ́n 60 ni a fi gé dígí wa. Nígbà tí ènìyàn kò bá gba àárín dígí wòran, dígí náà yóò máa fa ohun tí à ń wò sí ẹ̀gbẹ́, ojú méjèèjì yóò sì máa bá ara wọn jìjàkadì láti rí ohun kan ṣoṣo. Ìjàkadì yìí ni ó ń di orí fífọ́.

Ẹ̀kẹta wà ní etí. Etí wa òsì ga díẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà férémù dagun lójú wa. Fún irú ojú tiwa, dígí ní ọ̀nà tí ó gbọ́dọ̀ kọ sí. Bí férémù bá wọ́, agbára dígí wọ́ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn, 3 a sì tún di 8.

Wọ́n gé dígí mìíràn fún wa láìgba kọ́bọ̀. A fi owó díẹ̀ lé e lórí férémù tí ó ní rọ́bà kéékèèké méjì níbi imú, èyí tí a lè tẹ̀ sí bí imú bá ti rí. Baba náà fi atẹ́gùn gbígbóná rọ apá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá ẹ̀yìn etí wa lọ, ó gbé e wọ̀ wá, ó yọ ọ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà, a máa ń gbàgbé pé ohun kan wà lójú wa.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe awò ojú, ní bí ọdún 1286, ṣùgbọ́n kò ní apá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un tàbí kí wọ́n fi há imú. Ó tó ọ̀rúndún 18 kí wọ́n tó ṣe apá tí ó ń kọ́ ẹ̀gbẹ́ orí. Ó lé ní 400 ọdún tí ayé fi wá ọ̀nà tí awò ojú yóò fi jókòó! Ní ilé wa, ẹ rántí Jígí Bọ́lá, ètò tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà níbẹ̀, tí wọ́n fi ń yẹ ojú ará ìlú wò tí wọ́n sì ń fún wọn ní jígí lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2024 ni wọ́n tún jí i dìde. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ó kéré tán ènìyàn bílíọ̀nù 2.2 ni ìríran wọn ní àbùkù, pé nínú wọn, ó kéré tán bílíọ̀nù kan ni a lè ti dènà tiwọn tàbí tí a kò tíì tọ́jú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a gba ara wa nímọ̀ràn:

Bí ẹ bá lọ gba awò ojú, ẹ má ṣe gbà á nínú páálí. Ẹ wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ẹ tẹrí ba, ẹ mi orí. Kò gbọdọ̀ já bọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ tì í sókè. Ìpéǹpéjú kò gbọdọ̀ kan dígí. Ẹ kàwé, ẹ sì rìn jáde wo ọ̀nà jíjìn.

Òótọ́ ni pé awò ojú tuntun lè ṣe ojú bákan fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí ó bá ń dá egbò, ẹ dá a padà. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ.

Ẹ má ṣe fi iná àbẹ́là tẹ apá rẹ̀ fúnra yín, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn. Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi máa yọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi omi ṣan eruku rẹ̀ kí ẹ tó nù ún, kí eruku má baà ha á.

Awò ojú orí àtẹ ní ọjà, agbára kan náà ni ó wà ní ojú méjèèjì rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó wọn ọmọlójú yín kí a tó ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wo ojú yín, nítorí àrùn glaucoma a máa jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láìdunni, ohun tí ó bá sì ti jẹ kì í padà. Láti ọdún 1989 ni òfin ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ awò ojú sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ má tijú láti béèrè bóyá ẹni tí ẹ bá lọ ní ìwé àṣẹ.

Ẹ wo tàwọn ọmọ náà. Orí wọn ń dàgbà, férémù kì í dàgbà. Ọmọ tí ó bá ń wo òkè awò ojú rẹ̀ kì í ṣe aláìgbọràn, ó ti fún un ni.

Ní ti bàbá wa olówùú dúdú, méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó rẹ́rìn-ín ni wọ́n mú un lọ. Dígí rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ìdè kékeré kan ni ó já, apá rẹ̀ sì ti ṣí. Wọ́n tún un ṣe lójú rẹ̀, iṣẹ́ náà kò pé wákàtí kan. Ọdún méjì ni bàbá ti fi òwú so ó.

Ní ìsọmọlórúkọ tí a ṣe ní Orozo ní Sátidé tí ó kọjá, bàbá ni ó ka orúkọ ọmọ tuntun jáde láti inú ìwé, gbogbo orúkọ méjèèjìlá, kò sì fo ọ̀kankan. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí akọ̀wé mú ìwé ìṣirò owó wá ní ìpàdé tí ń bọ̀, pé òun fẹ́ tún un wò. Kí akọ̀wé múra sílẹ̀ o.